Gíà há sórí ẹyọ kan tí ọkọ̀ bá ti gbóná, kóòdù P0700 àti P0722: ṣé gíábọ́ọ̀sì ló kú ni àbí sẹ́ńsọ̀?

Awakọ̀Jẹ́jẹ́:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó ṣe ohun tí màá kábàámọ̀. Gíà ọ́tò ni ọkọ̀ mi, gíà mẹ́rin ló ní, táyà iwájú ló sì ń fà á. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tó ti bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Tí mo bá sítáàtì rẹ̀ láàárọ̀ kò sí nǹkan kan tó ṣe é, á máa pààrọ̀ gíà wẹ́rẹ́ bí ọkọ̀ tuntun. Àmọ́ tí mo bá ti wà á tó bíi 20 ìṣẹ́jú, tí abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ti gbóná dáadáa, màá kàn gbọ́ "gbà!", ọkọ̀ á jù mí síwájú, ọwọ́ spídómítà á já wálẹ̀ dé òdo, á tún gbéra, á tún já, lẹ́yìn náà iná check engine á tàn, ó parí nìyẹn, gíà ò ní pààrọ̀ mọ́. Tí mo bá dúró tí mo tún fẹ́ gbéra, ọkọ̀ á wúwo bí ẹni tó ru ẹrù. Lórí eré 80, rev (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) tó máa ń wà ní nǹkan bíi 2,000 tẹ́lẹ̀ á wà ní nǹkan bíi 3,000. Tí mo bá sì ti gíà láti P sí R lásìkò yẹn, á gbá mí nídìí gan-an.

Ohun tó wá ń dà mí láàmú ni pé tí mo bá pa á, tí mo ní sùúrù díẹ̀, tí mo tún sítáàtì rẹ̀, gbogbo ẹ̀ á dára padà. Á tún lọ fún ìgbà díẹ̀, á tún ṣe é.

Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ fi sikánà sí i, ó rí P0700 àti P0722, kò yẹ nǹkan kan wò mọ́, ó ní gíábọ́ọ̀sì ti kú, ká sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ká wá òmíràn. Ọkàn mi ò gbà. Mo lọ bá ẹlòmíì, òun ní sẹ́ńsọ̀ ni, ó pààrọ̀ output speed sensor, ó pa kóòdù rẹ́, ọkọ̀ dára fún ọjọ́ méjì gbáko, inú mi ti ń dùn, ọjọ́ kẹta lohun tó ń ṣe tẹ́lẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀, kóòdù kan náà. Òun náà ti wá ń sọ pé á jẹ́ pé gíábọ́ọ̀sì ni lóòótọ́.

Mo fa ọ̀pá ọ́ìlì gíà yọ wò fúnra mi, ọ́ìlì pupa, kò rùn bí ohun tó jóná. Gíà kì í yọ̀ náà, mo túmọ̀ sí pé ẹ́ńjìnnì kì í pariwo lásán kí ọkọ̀ má lọ. Kí ni kí n ṣe báyìí? Ṣé sẹ́ńsọ̀ tuntun yẹn náà ló tún bàjẹ́ ni? Ẹ gbà mí o.

Ẹ̀gbọ́nLókọ̀:

Pẹ̀lẹ́ o. Bí tèmi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, P0700 ni wọ́n rí, mo ń pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀, mo ń pààrọ̀ solenoid (fáàfù oníná tó ń darí ọ́ìlì nínú gíábọ́ọ̀sì), nígbà tá a sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀ tá a tú u, àwọn clutch inú rẹ̀, ìyẹn àwọn pélébé tó ń di gíà mú, ti jó dúdú bí èédú. Owó tí mo ti ná ká tó tú u ló dùn mí jù. Tí mẹkáníìkì méjì bá ti sọ ohun kan náà, ó yẹ kó o gbọ́.

RewáyàÀgbà:

Ẹ dúró ná, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ nǹkan kan kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, mi ò bá yín jiyàn lórí ọkọ̀ tiyín, ẹ̀yin lẹ fojú rí i. Ṣùgbọ́n ohun tí arákùnrin yìí ṣàlàyé yàtọ̀ pátápátá, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí nínú ẹ̀.

P0700 yẹn, ìránṣẹ́ lásán ni. Bréènì bọ́ọ̀sì gíà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí gíà, ló ń ránṣẹ́ sí ti ẹ́ńjìnnì pé "mo lẹ́jọ́ lọ́dọ̀ mi níbí, bá mi tan iná". Kò sọ ẹjọ́ ọ̀hún. Ọ̀dọ̀ bréènì bọ́ọ̀sì gíà gan-an lèèyàn á wọlé lọ láti gbọ́ ọ, ìdí sì nìyẹn tí àwọn sikánà kéékèèké kan, tó jẹ́ ti ẹ́ńjìnnì nìkan ni wọ́n lè kà, ò fi ní fi ju P0700 han èèyàn, tí onítọ̀hún á sì bẹ̀rẹ̀ sí í méfò. Ẹ̀gbọ́nLókọ̀, ṣé wọ́n rí kóòdù kejì lára ọkọ̀ tiyín nígbà yẹn? Ó dá mi lójú pé yóò ti wà níbẹ̀.

Tìẹ ní kóòdù kejì, P0722. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé bréènì bọ́ọ̀sì ò rí àmì kankan lójú wáyà output speed sensor, ìyẹn sẹ́ńsọ̀ tó ń ka bí ọ̀pá tó ń jáde lọ sí táyà ṣe ń yí. Ó ní òun ò rí àmì. Kò ní sẹ́ńsọ̀ ló bàjẹ́, kò sì ní gíábọ́ọ̀sì kú. Sẹ́ńsọ̀ wà lójú ọ̀nà yẹn, sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wà níbẹ̀, wáyà méjì tàbí mẹ́ta tó gba inú ẹ́ńjìnnì kọjá wà níbẹ̀, pín-ìn-nì ẹnu bréènì bọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ohun eléyín tí sẹ́ńsọ̀ ń kà nínú gíábọ́ọ̀sì. Àdúgbò ni kóòdù máa ń dárúkọ, kì í dárúkọ olè. Ẹni tó bá ti rí kóòdù tó sì sáré lọ ra sẹ́ńsọ̀, ẹni àkọ́kọ́ tó bá pàdé ládùúgbò ló mú yẹn.

Ká ní clutch ló jó, ohun tí kọ̀ǹpútà máa rí ni pé gíà tí òun ní kó wọlé kò bá ìṣirò mu, iye tó wọlé àti iye tó jáde ò ní bára mu, kóòdù ìdílé P0730 ló máa ń bá a wá: P0731 fún gíà kìíní, P0732 fún ìkejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Rev á sì máa gòkè láìsí pé ọkọ̀ ń sáré sí i. Ìwọ ní kò ṣe bẹ́ẹ̀, ọ́ìlì ẹ sì pupa. Gíà tó ti jó kì í fi bẹ́ẹ̀ pa ọ́ìlì mọ́ ní pupa, á ti máa dúdú, á máa rùn fìn-ìn bí búrẹ́dì tó jóná.

Ohun tó mú mi dúró jù nínú àlàyé ẹ ni ọwọ́ spídómítà yẹn. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, àmì tó ń ti output speed sensor wá náà ni wọ́n fi ń darí spídómítà. Ó já dé òdo, ó gbéra, ó tún já, kí gíà tó há. Gíà tó kú ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí spídómítà nígbà tí táyà ń yí. Nǹkan tó ń fẹnu kanra tó tún ń já ni mò ń wò yẹn, iṣẹ́ wáyà ni.

Ọ̀rọ̀ kó há sórí ẹyọ kan, limp mode lorúkọ ẹ̀. Tí bréènì bọ́ọ̀sì ò bá ti mọ eré tí ọkọ̀ ń sá, kò lè pinnu ìgbà tó yẹ kó pààrọ̀ gíà, torí náà á yọwọ́ iná kúrò lórí àwọn solenoid, gíábọ́ọ̀sì á sì já sórí gíà kan ṣoṣo tí wọ́n ti ṣètò ẹ̀ láti ilé iṣẹ́ pé kó máa gbé èèyàn délé. Nínú ọ̀pọ̀ gíà mẹ́rin, ìkẹta ni. Tìẹ náà ìkẹta ni, mo ṣírò ẹ̀: gíà ìkẹta máa ń sún mọ́ 1 sí 1, ìkẹrin máa ń wà ní nǹkan bíi 0.7, rev tó bá jẹ́ 2,000 lórí ìkẹrin á di nǹkan bíi 2,900 lórí ìkẹta tí eré ò bá yí padà. 3,000 lo pè. Ó bá a mu. Torí ẹ̀ náà ló fi ń wúwo tó o bá fẹ́ gbéra, orí ìkẹta lò ń gbéra látìdúró. Gbígbá tó ń gbá ẹ nídìí tó o bá ti í sí R, agbára ọ́ìlì inú gíábọ́ọ̀sì ni wọ́n gbé dé òkè pátápátá nínú limp mode kí clutch má baà yọ̀ kó jó. Ó ń dáàbò bo ara ẹ̀ ni.

Tó o bá pa á tó o tún sítáàtì, ó tún ara ẹ̀ yẹ̀ wò, kò rí àléébù lásìkò yẹn, ó gbà ẹ́ láàyè padà. Gíábọ́ọ̀sì tí clutch rẹ̀ ti jó, o lè pa á lẹ́ẹ̀mẹwàá, kò ní sàn.

Ìdí tó fi dára fún ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ ńkọ́? Ẹni tó pààrọ̀ ẹ̀ fa wáyà, ó gbọ̀n ọ́n, ó tì í, wáyà tó ti já lábẹ́ rọ́bà tún fẹnu kan ara fún ìgbà díẹ̀. Mo ti rí irú ẹ̀ láìmọye ìgbà. Wá wáyà yẹn.

ÌyáỌkọ̀Dúdú:

Ọlọ́run á fún yín lókun, ẹ̀gbọ́n Rewáyà, ká ní mo ti rí irú àlàyé báyìí nígbà tèmi ni. Tèmi kì í há o, ohun tó ń ṣe ni pé kò ní bọ́ sórí gíà tó kẹ́yìn rárá, rev á máa ga lójú ọ̀nà tó jìn, epo ń lọ bí omi. Wọ́n ní torque converter ni, ìyẹn ohun tó ń gba agbára láti ẹ́ńjìnnì fún gíábọ́ọ̀sì, wọ́n ti fẹ́ sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin ló ní ká kọ́kọ́ wo live data, ohun tí àwọn sẹ́ńsọ̀ ń sọ lójú ẹsẹ̀ lórí sikánà. A wa ọkọ̀ fún bíi ìdajì wákàtí, ẹ́ńjìnnì gbóná débi pé èèyàn ò lè fọwọ́ kàn án, sikánà ṣì ń sọ pé omi ẹ́ńjìnnì wà ní 38 dígírì. 38! Sẹ́ńsọ̀ tó ń ka gbígbóná omi ló ń parọ́ fún kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà sì rò pé ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, kò sì ní jẹ́ kí gíà tó kẹ́yìn wọlé tàbí kí converter di ara ẹ̀ mú (kó so ẹ́ńjìnnì àti gíà pọ̀ láìyọ̀) kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná. Sẹ́ńsọ̀ kékeré tí kò ju ìka ọwọ́ lọ la pààrọ̀. Títí dòní kò tún ṣe é mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé gbogbo sẹ́ńsọ̀ tó lè pa gíà lára kọ́ ló wà lára gíábọ́ọ̀sì. Èyí tó ń ka bí èèyàn ṣe tẹ iná, èyí tó ń ka afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì, kódà súwíìṣì kékeré tó wà lábẹ́ bírékì, tó bá há bí ẹni pé èèyàn ń tẹ bírékì nígbà gbogbo, converter ò ní di ara ẹ̀ mú. Ẹ bá arákùnrin wa wò wọ́n.

RewáyàÀgbà:

Òótọ́ pọ́ńbélé lẹ sọ, àǹtí. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un fún ẹni tó bá ń kà: tí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n rìrì bí ẹni tó ń gun ọ̀nà pàlapàla lórí eré bíi 60 sí 80, tó jẹ́ díẹ̀ lo tẹ iná, fi ẹsẹ̀ òsì kan bírékì fẹ́ẹ́rẹ́, débi tí iná ẹ̀yìn á tàn, má jẹ́ kí ọkọ̀ dẹwọ́, kó o sì rí i pé kò sẹ́ni tó sún mọ́ ẹ lẹ́yìn. Tí gbígbọ̀n yẹn bá dá lójú ẹsẹ̀, converter tó di ara ẹ̀ mú ló ń gbọ̀n. Tí kò bá dá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé pọ́ọ̀gì tàbí coil ẹ́ńjìnnì kan ni kì í jó dáadáa, wọ́n sì ti sọ gíábọ́ọ̀sì àwọn èèyàn kalẹ̀ nítorí pọ́ọ̀gì rí.

Ní ti Awakọ̀Jẹ́jẹ́, kóòdù ẹ̀ ti tọ́ka sí ibì kan, ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀.

Àkànjí_Spánà:

Èmi ò lòdì sí wáyà o, àmọ́ kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ ọ́ìlì? Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ fọ gíábọ́ọ̀sì, kó da ọ́ìlì tuntun sí i, ọ̀pọ̀ wàhálà gíà ló ń bá ọ́ìlì lọ. Sẹ́ńsọ̀ yẹn gan-an, òòfà wà lẹ́nu ẹ̀, ó máa ń kó ìyẹ̀fun irin jọ títí tí kò fi ní ríran mọ́.

RewáyàÀgbà:

Àkànjí, ọ̀rọ̀ òòfà yẹn dára, mo gbà á. Tí wọ́n bá fa sẹ́ńsọ̀ yọ kí wọ́n nu ẹnu ẹ̀. Ìyẹ̀fun eérú tó rọ̀ bí ohun ìkunra tí o bá fìka méjì ra á, kò séwu, clutch tó ń ṣiṣẹ́ máa ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Tó bá jẹ́ irin tó ní etí, tó ń gún ìka, ìyẹn ọ̀rọ̀ mìíràn, èmi náà á ní kí wọ́n tú gíábọ́ọ̀sì. Tí ọ́ìlì bá funfun bí mílíìkì tó pọ́n díẹ̀, omi rédíétọ̀ ti ráyè wọ inú ẹ̀, kí wọ́n má wa ọkọ̀ ọ̀hún mọ́.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n fi ọ́ìlì wo kóòdù P0722, mi ò gbà. Ọ́ìlì ò lè lẹ wáyà tó já. Kó kàn rí i pé ọ́ìlì pé: ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì á gbóná, á máa ṣiṣẹ́, gíà á wà ní P, kó tó fa ọ̀pá yọ. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé wọ́n ní kéèyàn pa ẹ́ńjìnnì kó tó wò ó, àwọn kan ò sì ní ọ̀pá rárá, nọ́ọ̀tì kan ni wọ́n máa ń tú lábẹ́ lórí ìwọ̀n gbígbóná pàtó. Ìwé ọkọ̀ ló máa sọ. Irú ọ́ìlì tí ìwé bá pè náà ni kó dà sí i, ẹ má fi ti CVT (gíà ọ́tò tó ń lo bẹ́líìtì, tí kò ní gíà kìíní, ìkejì) sínú gíà tí kì í ṣe CVT, ẹ má sì fi ti gíà lásán sínú CVT, ó ń pa á ni.

Awakọ̀Jẹ́jẹ́:

Ẹ ṣeun ẹ ṣeun, àǹtí, ẹ̀gbọ́n, gbogbo yín. Ọkàn mi ti balẹ̀ díẹ̀. Mo ní mítà nílé, mo mọ bí wọ́n ṣe ń fi wo bátìrì, ju ìyẹn lọ mi ò mọ̀. Bátìrì 12.6 nígbà tí mo pa ọkọ̀, 14.1 nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Sẹ́ńsọ̀ yẹn, wáyà méjì ló ní. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá wáyà ló já nígbà tó jẹ́ pé ó ń ṣiṣẹ́ tó tún ń dákẹ́?

RewáyàÀgbà:

Bátìrì dára, ó dáa tó o kọ́kọ́ wò ó, iná tí kò tó máa ń mú bréènì bọ́ọ̀sì sọ ìsọkúsọ.

Wáyà méjì, ó sábà máa ń jẹ́ coil (wáyà tín-ín-rín tí wọ́n ká jọ) tó yí òòfà ká, òun fúnra ẹ̀ ló ń ṣe iná kékeré tí ohun eléyín bá ń kọjá níwájú ẹ̀. Irú èyí ṣeé fi mítà wọn ohm. Tó bá jẹ́ oníwáyà mẹ́ta, Hall effect ló sábà máa ń jẹ́, èèyàn kì í wọn ohm tiẹ̀ rárá, ṣe lá yẹ̀ ẹ́ wò bóyá iná 5 tàbí 12 tí wọ́n ń fún un ń dé, bóyá ground ẹ̀ (wáyà negative ẹ̀) dára, bóyá àmì ń jáde. Àwọn ọkọ̀ tuntun kan tiẹ̀ ní oníwáyà méjì tí kì í ṣe coil, torí náà wo ìwé ọkọ̀ ẹ kó o tó fi mítà kàn án. Tí ìwé bá kọ iye ohm síbẹ̀, coil ni.

Kó o tó fọwọ́ kan nǹkan kan, kọ kóòdù àti freeze frame sílẹ̀, àwòrán ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lásìkò tí kóòdù wọlé nìyẹn: eré, rev, gbígbóná. Tó o bá yọ bátìrì, ó lè lọ. Pa ọkọ̀, yọ orí negative bátìrì, dúró bí ìṣẹ́jú mélòó kan. Wọn sẹ́ńsọ̀ fúnra ẹ̀ níbi sọ́kẹ́ẹ̀tì, kọ iye tó bọ́ síta sílẹ̀. Tẹ sọ́kẹ́ẹ̀tì padà. Wá lọ síbi bréènì bọ́ọ̀sì gíà, fa sọ́kẹ́ẹ̀tì tiẹ̀ yọ, wá pín-ìn-nì méjì tó jẹ́ ti sẹ́ńsọ̀ yẹn nínú àwòrán wáyà, kó o wọn láti ibẹ̀. Àrà tó wà níbẹ̀ ni pé láti ibẹ̀, ò ń wọn sẹ́ńsọ̀, sọ́kẹ́ẹ̀tì àti gbogbo wáyà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, torí náà iye yẹn gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá èyí tó o kọ sílẹ̀ mu.

Tó bá bá a mu, inú ẹ má tíì dùn, torí ọkọ̀ tutù. Jẹ́ kí ẹnì kan máa wo mítà, kí ìwọ máa gbọ̀n wáyà díẹ̀díẹ̀, bíi ìbú ọwọ́ kan síkan, láti sẹ́ńsọ̀ bọ̀ wá sókè. Má fà á, gbọ̀n ọ́n, tẹ̀ ẹ́ síbí, tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún. Fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun fẹ́ ooru sí i níbi tó bá ti sún mọ́ ẹ́ńjìnnì. Níbi tí nọ́ńbà bá ti fò tàbí tí mítà kọ OL (ìyẹn ni pé ọ̀nà ti já), dúró síbẹ̀. Fi ọwọ́ kan mítà kan ara ọkọ̀ náà, ọwọ́ kejì kan wáyà kọ̀ọ̀kan, OL ló yẹ kó wà, tí kò bá rí bẹ́ẹ̀ wáyà ti kan irin níbì kan. Jọ̀ọ́ má fi abẹ́rẹ́ gún rọ́bà wáyà láti wọ̀n ọ́n, ibi tó o bá gún lomi á gbà wọlé lọ jẹ kọ́pà.

Tó o bá fẹ́ rí i kí sẹ́ńsọ̀ ṣe iná, gbé táyà iwájú ẹyọ kan sókè, fi igi sẹ́yìn táyà ẹ̀yìn, fi stand gbé e, má gbẹ́kẹ̀ lé jáàkì nìkan. Gíà wà ní N. Jẹ́ kí táyà iwájú kejì wà nílẹ̀, torí tó o bá gbé méjèèjì, ìkejì á kàn máa yí sẹ́yìn, ọ̀pá tí sẹ́ńsọ̀ ń kà ò sì ní yí, wàá rò pé sẹ́ńsọ̀ ti kú. Yí mítà sí AC volt, fọwọ́ yí táyà. Díẹ̀ ló máa fi hàn, á sì máa gòkè tó o bá ń yí i yára sí i.

Awakọ̀Jẹ́jẹ́:

Ẹ̀yin èèyàn mi, a ti rí i o!

Sẹ́ńsọ̀ fúnra ẹ̀, 580 ohm, ìwé ọkọ̀ ní kó wà láàárín 560 sí 680. Láti ẹnu bréènì bọ́ọ̀sì, 584. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé mo sọ̀rètí nù níbẹ̀ torí gbogbo ẹ̀ dára. Ìyàwó mi ló ń bá mi wo mítà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n wáyà bí ẹ ṣe wí. Láti sẹ́ńsọ̀ wá sókè, kò sí nǹkan. Ìgbà tí mo dé abẹ́ ibi tí bátìrì ń jókòó sí, tí mo tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ díẹ̀, ó ní "ó ti lọ!" Mo tẹ̀ ẹ́ padà, "ó ti dé." Mo ṣe é tó bí ẹ̀ẹ̀mẹfà, torí mi ò gbà gbọ́ lójú ẹsẹ̀. OL, 584, OL, 1,900, OL.

A gbé bátìrì àti ìjókòó ẹ̀ kúrò. Kílíìpù tó yẹ kó mú ìdì wáyà mọ́ra ti kán, ó sì ti sinmi lórí etí irin kan. Tí ẹ́ńjìnnì bá mì, á máa ha á mọ́ etí irin yẹn. Ike tó bò ó lókè ò ṣe nǹkan kan lójú, ìsàlẹ̀ tó kọjú sí irin ló ti jẹ tán. Mo la á, wáyà méjì yẹn ló lọ́ mọ́ra, rọ́bà ọ̀kan nínú wọn ti gbó wọnú, kọ́pà rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé, ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé ń já bọ́ lára ẹ̀, fọ́nrán bíi mẹ́ta péré ló ṣì di ara wọn mú. Mo kàn fọwọ́ kàn án báyìí, ó já. Mo wò ó fún ìgbà pípẹ́, nítorí fọ́nrán mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ sọ gíábọ́ọ̀sì mi kalẹ̀.

Ẹ ṣáà sọ bí mo ṣe máa tún un ṣe kó má tún padà.

RewáyàÀgbà:

O káre! Kú iṣẹ́, ìyàwó ẹ náà kú iṣẹ́. O rí i pé bọ́rọ̀ ṣe rí nìyẹn: tó bá gbóná, rọ́bà á rọ̀, wáyà á fà díẹ̀, fọ́nrán mẹ́ta yẹn á yà, àmì á já, spídómítà á ṣubú.

Gé gbogbo kọ́pà tó ti di àwọ̀ ewé kúrò, lápá méjèèjì, títí wàá fi dé ibi tó ń dán. Tí ibi tó ń dán bá jìnnà, fi wáyà tuntun tí ìwọ̀n ẹ̀ bá a mu gùn ún. Lọ́ ẹnu wọn pọ̀, fi lẹ́ẹ̀dì jó o, fa rọ́bà tó máa ń sún kì bò ó, èyí tó ní àtè nínú tó o bá rí. Téèpù nìkan ò tó níbi tó gbóná. Kó o sì lọ́ wáyà méjèèjì padà mọ́ra bó o ṣe bá a, má jẹ́ kí wọ́n lọ gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, lílọ́ yẹn ni kì í jẹ́ kí ariwo iná coil pọ́ọ̀gì wọ inú àmì kékeré yẹn. Fi ike tuntun bò ó, wá kílíìpù tuntun, kí ó má kan etí irin yẹn mọ́ láéláé. Wo rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé náà, tó bá ti ya, ẹ́ńjìnnì á máa jù ju bó ṣe yẹ lọ.

Lẹ́yìn náà pa kóòdù rẹ́, wà á fún bíi 40 ìṣẹ́jú, wò ó bóyá ọwọ́ spídómítà á mì. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ó lè pààrọ̀ gíà bí ẹni tó ń wá ọ̀nà, o ti yọ bátìrì, ọ̀pọ̀ bréènì bọ́ọ̀sì gbàgbé bí ó ṣe ń bá clutch ẹ̀ lò, á tún kọ́ ọ. Má tẹ iná pátápátá lásìkò yẹn.

Ẹ̀gbọ́nLókọ̀:

Mo kí ẹ kú oríire, àbúrò. Inú mi dùn pé o ò gbọ́ tèmi. Rewáyà, mo lọ wo ìwé tí wọ́n fún mi nígbà yẹn. P0733 ni kóòdù kejì.

RewáyàÀgbà:

Á jẹ́ pé tiyín, gíà ìkẹta ló ń yọ̀ lóòótọ́, ẹ̀gbọ́n. Gíábọ́ọ̀sì tiyín ló ní ẹjọ́, wọ́n ò kàn tètè ka ẹjọ́ náà fún yín ni, ẹ fi ń ra sẹ́ńsọ̀ kiri.

Awakọ̀Jẹ́jẹ́:

Ẹ kú àná o. Ọjọ́ kẹfà rèé, ojoojúmọ́ ni mo ń wà á, lánàá wákàtí méjì láìdúró nínú oòrùn, spídómítà ò mì, gíà ń lọ wẹ́rẹ́. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ ló ń gbá díẹ̀ láti ìkíní bọ́ sí ìkejì bí ẹ ṣe wí, ó ti dẹwọ́. Mo ti pààrọ̀ kílíìpù náà, ìka ọwọ́ mi méjì gba àárín wáyà àti irin yẹn báyìí.

Ohun kan ló kù. Sẹ́ńsọ̀ àtijọ́ tí wọ́n yọ, mo bá a nínú páálí lẹ́yìn ọkọ̀. Mo wọ̀n ọ́n: 575 ohm.

RewáyàÀgbà:

Kò ṣe nǹkan kan. Nu ẹnu ẹ̀, wá O-ring (rọ́bà róbótó tó ń dí ọ́ìlì) tuntun fún un, kó o wé e sínú ọ̀rá, kó o tọ́jú ẹ̀ sínú ọkọ̀.